Ìwé àṣẹ ọtí wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ìlú

Ní Kalifọ́níà, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìlú kọ́ ló ń fúnni níwèé àṣẹ láti ta ọtí. Abala 20, ìpín 22 nínú òfin ìpilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà fi iṣẹ́ yẹn sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nìkan, ẹ̀ka ìjọba tó ń jẹ́ ABC ló sì ń ṣe é. Ìlú tó bá jókòó tó lọ ṣòfin lórí ọtí títà gan-an ti na ọwọ́ rẹ̀ kọjá ààlà, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lè fi ilẹ̀ ṣe, ìlú ló ń sọ ọ́, ABC fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fúnni níwèé àṣẹ tuntun níbi tí òfin ìlò ilẹ̀ kò bá gbà á. Nítorí náà ariwo, ìdọ̀tí, òkùnkùn, ìjà àti àwọn tó ń tọ̀ sára ògiri onílé ni òfin ìlú gbọ́dọ̀ dá lé. Kó fi ohun tó wà nínú ìgò sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀.

Fún ṣọ́ọ̀bù tuntun, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni àṣẹ ìlò ilẹ̀ tí wọ́n fi májẹ̀mú dè. Ẹni tó fẹ́ ṣí i á kọ́kọ́ wá síwájú ìgbìmọ̀ ètò ìlú, àwọn ará àdúgbò á sì sọ tẹnu wọn ní gbangba. Ìgbìmọ̀ lè kọ̀ ọ́, ó sì lè gbà á kó wá la májẹ̀mú sílẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. “Kí oníṣọ́ọ̀bù jẹ́ kí àyíká rẹ̀ mọ́” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí kò sí bí olùbẹ̀wò ṣe lè fi mú un. Ẹ kọ ọ́ báyìí: kí wọ́n gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí lójoojúmọ́ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, kí iná ìta mọ́lẹ̀ débi tí a fi lè dá ojú ènìyàn mọ̀, kó má sì tàn wọ yàrá aládùúgbò, kí ọtí títà dópin ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ̀dà májẹ̀mú wà lára ògiri níbi ìsanwó. Ní ti fèrèsé, ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò: òfin ìpínlẹ̀ ti sọ pé ìpolówó kò gbọdọ̀ gba ju ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún lára gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọtí àgbélọ.

Ilẹ̀ ni àṣẹ yìí ń bá lọ, kì í bá ènìyàn lọ. Bí wọ́n bá ta ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó rà á jogún gbogbo májẹ̀mú. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé májẹ̀mú tí kò lágbára náà á di ogún.

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí iye ìwé àṣẹ ọtí lórí iye ènìyàn nínú agbègbè kékeré tí wọ́n fi ń ka iye ènìyàn bá ju ti káńtì (ìjọba ìbílẹ̀ tó tóbi ju ìlú lọ) lọ, tàbí tí ìwà ọ̀daràn ibẹ̀ bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìpíndọ́gba gbogbo agbègbè ọlọ́pàá ibẹ̀ lọ, ABC gbọ́dọ̀ kọ̀ láti fúnni níwèé àṣẹ tuntun, àfi tí wọ́n bá fi hàn pé ó ṣe aráàlú láǹfààní tàbí pé wọ́n nílò rẹ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù ọtí àgbélọ, ìgbìmọ̀ ìlú ló ń pinnu èyí, ó sì ní ọjọ́ 90. Bí ọjọ́ bá kọjá tí ìlú dákẹ́, olùbéèrè lè lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ ro ABC tààrà. Ìwé tó sùn sínú dúrọ́ọ̀ òṣìṣẹ́ kan ti tó láti pàdánù ẹ̀tọ́ náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò kan ṣọ́ọ̀bù tó ti wà nílẹ̀ kí òfin tó dé, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti pọ̀ jù. Òfin ìpínlẹ̀ dáàbò bò wọ́n, níwọ̀n ìgbà tí irú ìwé àṣẹ wọn kò bá yí padà, tí wọ́n ń ṣòwò láìdáwọ́ dúró, tí ìṣe ibẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Oakland, ìlú kan ní Kalifọ́níà, rí ọgbọ́n dá sí i ní 1993, pẹ̀lú òfin tí wọ́n ń pè ní Deemed Approved. Ìlú kà á sí pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ti gba àṣẹ ìlò ilẹ̀, àṣẹ yẹn sì ní ìlànà ìwà: kò gbọdọ̀ fa ìyọnu fún àdúgbò. Oníṣọ́ọ̀bù ń san owó lọ́dọọdún, owó yẹn ló ń gbé iṣẹ́ àbẹ̀wò ró. Ẹni tó bá rú ìlànà á wá jẹ́jọ́, wọ́n lè fi májẹ̀mú kún tirẹ̀ tàbí kí wọ́n gba àṣẹ náà. Àwọn oníṣòwò pe ìlú lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Oakland láre ní 1996. Lójú tèmi, owó ọdọọdún yẹn ni ẹ̀mí òfin náà. Láìsí i, kò ní pẹ́ tí kò fi ní sí ẹni tó ń bẹ ṣọ́ọ̀bù wò. Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, gba ọ̀nà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ọtí láàárín ilé gbígbé ní ọdún méjì láti dáwọ́ ọtí dúró.

Òfin pé kí ṣọ́ọ̀bù ọtí jìnnà síra ń dùn ún gbọ́, bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ti Oakland, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tuntun nìkan ló ń dá dúró. Ẹ sọ ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, bóyá ẹnu ọ̀nà ni tàbí ààlà ilẹ̀, kí agbẹjọ́rò má baà fi ìyẹn yọ oníbàárà rẹ̀. Ẹ ṣọ́ àwọn tí òfin yìí yọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ilé oúnjẹ ló máa ń gba ibẹ̀ yọ́ wọlé jù: oúnjẹ lọ́sàn-án, nígbà tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ wọ́n ti kó tábìlì kúrò, agbóhùnsókè ti gorí àga, ó ti di ilé ọtí. Májẹ̀mú tó ń dènà èyí ni pé kí ilé ìdáná máa ṣiṣẹ́ títí di wákàtí tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kí ìwé owó tó wọlé sì wà fún olùbẹ̀wò láti wò.

Nígbà ìgbẹ́jọ́, ẹ̀hónú lásán kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kó àkọsílẹ̀ ìpè sí ọlọ́pàá ní àdírẹ́sì náà wá, fọ́tò tó ní ọjọ́ àti wákàtí, àti lẹ́tà aládùúgbò tó dárúkọ májẹ̀mú tí wọ́n rú. Bí ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ bá sì ti ilẹ̀kùn, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀: àtúnṣe tí kò kọjá ọjọ́ 30 kì í ba ààbò rẹ̀ jẹ́, bí kò bá fẹ ibi ọtí títà. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ lè mú kí ó wá síwájú ìgbìmọ̀ bí ẹni tuntun.