Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Idẹ Ọta àti Ìtàn Tí Wọ́n Fẹ́ Kí N Máa Pa

Bí ọdún 2025 ti ń kógbá sílé, mo kó gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi nílùú Ọ̀yọ́ jọ, mo sì ṣí ìwé tí mo ń kọ ọjà àti gbèsè sí, kí n lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ìdí ọta ìbọn tí àwọn ọdẹ ti yìn tán ni mo fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́: yẹtí, òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ohun tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ ọrùn. Ọjà kò burú lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà dáhùn, ìyẹn ni pé níbo ni idẹ yìí ti wá, àti pé ta ni wọ́n fi ọta rẹ̀ yìn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láàrin ọdún 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fín ọnà sára ìkarahun ọta àgbá, wọn a sọ ọ́ di ohun ẹ̀ṣọ́ inú ilé. Ní Làìbéríà, níbi tí ogun abẹ́lé ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní 1989 tí kò sì parí pátápátá títí di 2003, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi ìkarahun ọta tó kù sílẹ̀ ṣe àgbélébùú àti ẹ̀gbà. Àwọn ará Ethiopia ń yọ́ ọ di ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ará Cambodia náà sì ń ṣe tiwọn. Ilẹ̀ wọn ni ogun ti jà, ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti ṣa idẹ náà, nítorí náà bí wọ́n bá so ìtàn ogun mọ́ ọjà wọn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ìtàn wọn ti tàn kálẹ̀ débi pé oníbàárà tó bá gbọ́ pé ọta ni mo fi ṣe yẹtí ti máa ń retí ogun kí n tó la ẹnu.

Nínú oṣù Keje, ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ṣọ́ ní Èkó pè mí, ó fẹ́ ra ọjà púpọ̀, kò sì ná mi ní ìnákúnàá. Àdéhùn kan ṣoṣo ló fi sí i: kí n máa so bébà kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ogun ni a ti ṣa ọta náà. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀yà, ẹtu àti ìgalà ni wọ́n fi ọta wọ̀nyí yìn, àti pé àwọn ọdẹ tó yìn wọ́n wà láàyè, àwọn míì nínú wọn sì ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ fi ọ̀yà kọ́ etí?” Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, àmọ́ n kò gbà. Ó ra ọjà rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo ti ronú sí i dáadáa láti ìgbà náà, ìpinnu mi kò sì yí padà. Lọ́nà kìíní, ìlú wa gan-an ní ogun nínú ìtàn rẹ̀, kò sídìí fún wa láti yá ti ẹlòmíràn. Lọ́nà kejì, ogun tiwa kì í sábà fi irú idẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà ogun Ìjàyè, ní nǹkan bí 1860 sí 1862, ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu ni wọ́n fi jà jù lọ, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò sì ní ìkarahun tí yóò já bọ́. Nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ni ìbọn òyìnbó tó ń lo ọta oníkarahun ti wọ ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀, ìró àwọn ìbọn náà ni wọ́n sì sọ pé ó fún ogun náà lórúkọ. Apá Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni wọ́n ti ja ìyẹn. Ẹni tó bá jókòó sí Ọ̀yọ́ tó ní òun ń ṣa ìkarahun ọta ogun lẹ́yìn ilé òun, ẹ bi í ní ìbéèrè dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ìbílẹ̀ yìí dá ẹ̀rín sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi nínú oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, tí a ṣe ayẹyẹ ìwúyè Aláàfin Akeem Abímbọ́lá Owóadé, ìlú kún fọ́fọ́, ìró ìbọn àwọn ọdẹ kò sì jẹ́ kí etí sinmi. Àwọn ọmọṣẹ́ mi méjèèjì mú àpò lọ́wọ́ jáde, wọ́n ní àwọn yóò kó ìdí ọta bọ̀. Wọ́n padà dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àpò òfìfo àti òórùn ẹ̀tù lára aṣọ. Ṣakabùlà ni àwọn ọdẹ náà ń yìn. Ẹ̀tù ni wọ́n ń rọ sí i, kò sì sí ohun tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀ ju èéfín lọ. Ìwúyè náà ṣe wá lóore lọ́nà mìíràn ṣá, nítorí àwọn àlejò tó wá láti òkèèrè ra ẹ̀gbà ọwọ́ tó pọ̀ ju èyí tí mo máa ń tà ní oṣù mẹ́ta.

Ọta tí ó wúlò fún mi ni ti ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí àwọn ọdẹ ń gbé, èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí ìdí rẹ̀ sì dà bí idẹ. Mo sọ pé ó dà bí idẹ, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ idẹ. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń wọlé nísinsìnyí jẹ́ irin tí wọ́n kàn fi idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú, nítorí irin kò wọ́n tó idẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ ni kí ó gbé òòfà súnmọ́ ọn. Bí ó bá gbé e, irin ni, kò ṣeé yọ́ mọ́ idẹ. Bí kò bá gbé e, a ń bá iṣẹ́ lọ. Idẹ ọta tó dára máa ń ní bàbà ìdá 70 àti síǹkì ìdá 30 nínú ìdá 100, òun ló sì jẹ́ kí ó ṣeé tẹ̀, kí ó ṣeé fà, kí ó má tètè sán.

Lẹ́yìn òòfà, a ó wo ojú kékeré tó wà láàrin ìdí ọta, níbi tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún. Èyí tí abẹ́rẹ́ ti gún yóò tẹ̀ wọnú. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì tẹ́jú, a ò ní fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ ọdẹ tó mú un wá ló ń padà sí, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bú gbàmù bí iná bá kàn án. Èyí tó ti yìn pàápàá kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Òjé máa ń wà nínú dúdúu rẹ̀, nítorí náà a kì í jẹun lórí tábìlì náà, ọmọdé kì í sì bá wa fọ̀ ọ́. Nígbà tí a bá ti gé rọ́bà rẹ̀ kúrò, tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ìdí rẹ̀, ohun tó kù kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ: ihò kan láàrin, etí tó yọ jáde díẹ̀, àti nọ́ńbà 12 tí wọ́n tẹ̀ yí i ká. Nọ́ńbà yìí ni àwọn oníbàárà fẹ́ràn jù. Ẹnì kan ní oṣù méjìlá ọdún ni, ẹlòmíràn ní àwọn àpọ́sítélì méjìlá ni, mo sì ti gbọ́ ẹ̀yà Ísírẹ́lì pẹ̀lú. Ìwọ̀n ẹnu ìbọn ni: bí a bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọ̀nà 12, tí a mọ ìdá kọ̀ọ̀kan rí roboto, ọ̀kan nínú wọn ni yóò bá ihò ìbọn náà dọ́gba. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, wọn a gbọ́, ọ̀pọ̀ a sì padà sórí àpọ́sítélì.

Èyí tí a bá fẹ́ fi ṣe yẹtí, a kì í yọ́ ọ. A kàn ń fi fáìlì pọ́n etí rẹ̀ kí ó má gé awọ ara, a ó lu ihò sí i, a ó dán an. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni a ń yọ́ idẹ fún. Idẹ ọta nìkan kì í tó, nítorí náà a máa ń fi àgádágodo tó bàjẹ́ àti ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́ kún un, mo sì ń sọ èyí náà fún ẹni tó bá rà á. Iná ibẹ̀ gba sùúrù. Síǹkì máa ń hó ní 907 lórí ìwọ̀n ooru Celsius, nígbà tí idẹ yìí kò tíì yọ́ tán, nítorí náà bí ẹni tó ń fẹ́ iná bá ki àṣejù bọ̀ ọ́, èéfín funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹnu ìkòkò amọ̀. Síǹkì ló ń sá lọ yẹn. Ẹni tó bá fa èéfín náà símú yóò jókòó jẹun ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, òtútù àti ibà á wá dé bá a lóru. Àwọn tó ń jó irin ní ìlú yìí gbàgbọ́ pé mílíìkì ló ń wẹ̀ ẹ́ kúrò lára. N kò bá wọn jiyàn, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun oúnjẹ ni mílíìkì ń gbà, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín gbà. Ìta gbangba ni a ti ń yọ́ idẹ báyìí, a ó sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ó máa gbá èéfín lọ níwájú wa.

Àwọn ọdẹ ni mo ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn jù lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọjà wọn ń pọ̀, nígbà tí iná ti jó ìgbẹ́ tí ojú ọdẹ sì ń ríran jìnnà. Nígbà òjò, koríko a bo ẹran, ọta a sì dín. Mo máa ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti yìn ín, torí kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni dọdẹ nínú ọgbà ẹranko ìjọba, Old Oyo National Park, mi ò sì fẹ́ kí ìdí ọta tí wọ́n bá yìn níbẹ̀ dé tábìlì mi. Àwọn àgbà inú wọn kò bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹni tó bínú ni ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó gbé ọ̀rá dúdú wá ní àárín òjò. Ìkarahun gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí kì í jáde láti inú ìbọn ọdẹ. Ó ní kí n má bi òun ní ohunkóhun, kí n sáà wọ̀n ọ́n. Mo ní kí ó máa gbé e lọ. Òfin ohun ìjà ilẹ̀ wa ti wà láti 1959, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí alágbẹ̀dẹ ẹ̀ṣọ́ fi ń tayín. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, n kò lè fi ohun tí n kò mọ ẹni tí wọ́n yìn ín lù kọ́ ọrùn ọmọ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún yìí ni ti ìdílé ọdẹ kan tí bàbá wọn ṣaláìsí nínú oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ìdí ọta nínú àpò ọdẹ rẹ̀, wọ́n fẹ́ kí n fi ṣe òrùka fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti ń na ọwọ́ sí i nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọdẹ ránṣẹ́ pè mí. “Ọmọ mi,” ló wí, “ẹrù ọdẹ kì í ṣe ẹrù ilé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìpà rẹ̀ ná.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dúró de ètùtù ìkẹyìn tí àwọn ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ tó kú. Wọ́n sun ìrèmọ̀jé, wọ́n gbé èyí tó jẹ́ ti igbó lọ sí igbó, lẹ́yìn náà ni àgbà ọdẹ náà fúnra rẹ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ. Idẹ gidi ni gbogbo rẹ̀. Òòfà kò gbé ẹyọ kan. Ọta àtijọ́ ni olóògbé náà ti ń tọ́jú pamọ́. A yọ́ ọ láìfi ohun mìíràn kún un, a lù ú, a tún fi iná rọ̀ ọ́, torí idẹ tí a bá ń lù láìrọ̀ ọ́ máa ń le débi tí yóò fi sán. Àwọn ọmọ náà fẹ́ kí ó máa dán bíi góòlù, mo sì sọ fún wọn pé òógùn yóò sọ ọ́ di dúdú díẹ̀, yóò sì fi àwọ̀ ewéko sí ìka wọn, kí wọ́n máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́.

Ní ti owó, n kò jẹ gbèsè wọ ọdún tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó gáàsì àti owó idẹ àlòkù kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Yẹtí ni ó tà jù. Okùn awọ tí mò ń gbà lọ́wọ́ àwọn onísọ̀nà awọ ìlú yìí ti jẹ́ kí ohun ọrùn mi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gba owó wọn lójú ẹsẹ̀. Oníbàárà kan tó ń lọ sí òkè òkun ní wọ́n dá òun dúró ní pápákọ̀ òfurufú nítorí ohun ọrùn tí ìrísí ọta ṣì hàn lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ń rìnrìn àjò, èyí tí a ti yọ́ nìkan ni mo ń tà fún un.

Àpò ìdí ọta onírin tí òòfà yọ sọ́tọ̀ ti kún dé òrùlé, mo sì ń wá ohun tí a lè fi ṣe. Bọ́tìnnì ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi dá lábàá, a ó dán an wò nínú oṣù Kìíní. Ọmọṣẹ́ kejì yóò gba òmìnira rẹ̀ ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, iná ìgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní apá Fìdítì àti Ìlọrà, nítorí náà mo ń bẹ ẹ̀yin ọdẹ tó bá ka èyí: ẹ má ṣe dáná sun rọ́bà ara ọta kí ẹ tó gbé e wá, torí iná náà ń ba idẹ jẹ́, òórùn rẹ̀ kò sì dára fún yín. Ẹ gbé e wá bí ó ti rí, àwa yóò gé e. Èyí tí òòfà kò bá gbé ni mo ń sanwó rẹ̀ nípa ìwọ̀n. Èyí tó bá gbé, mo lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ máa gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.