Kí ẹ tó fọwọ́ kan gúrótò: ohun tí òkúta West Bend ń kọ́ni

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, àti ẹ̀yin tí wọ́n ní kí ẹ kọ ìtàn ìjọ yín sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin méjèèjì sọ: ara ògiri ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ka ìtàn gúrótò, ìyẹn ihò òkúta tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ fún àdúrà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti West Bend, ìlú kékeré àwọn àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú gúrótò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, nílé àti lókè òkun, ihò Lourdes ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n wò kọ́, níbi tí Bernadette Soubirous ti ní òun rí Màríà Wúńdíá lọ́dún 1858. Ihò kan, ère kan, ó parí. Ti West Bend kọjá bẹ́ẹ̀: mẹ́sàn-án ló so kọ́ra, wọ́n ń fi ìgbé ayé Jésù hàn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi to ó.

Fádà Paul Dobberstein ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1872, ó wá sí Amẹ́ríkà, ó di àlùfáà ní 1897, ó sì dé West Bend ní 1898. Wọ́n ní àrùn òtútù àyà dá a wó nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá yè é, òun á kọ́ ibi mímọ́ kan fún Màríà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń dé, wọ́n á sì fò lọ sí 1912 tí ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀. Àárín méjèèjì gan-an ni iṣẹ́ wà. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí Fádà yìí fi ń kó òkúta jọ kó tó po sìmẹ́ǹtì. Òkúta ńláńlá wà káàkiri oko àgbàdo wọn, ṣùgbọ́n èyí tó ń dán, bí quartz, malachite, azurite, àti igi tó ti di òkúta, ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá.

Kí ni ìkójọ yẹn ṣe fún un? Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ògiri nígbà tí òkúta kò tíì pé, sìmẹ́ǹtì á le mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń wá èyí tó bá àwọ̀ mu. Tó bá padà dé lọ́jọ́ kejì, tuntun kì í di mọ́ ti àná dáadáa, ojú ìlà á hàn níbẹ̀, ibẹ̀ ni omi á sì ti wọlé. Bíríkìlà ń sá fún ìlà yẹn, òpìtàn ń wá a kiri. Níbi tí àwọ̀ sìmẹ́ǹtì bá ti yí padà, tàbí tí irú òkúta bá ti yàtọ̀ lójijì, iṣẹ́ dúró níbẹ̀ rí, tàbí kó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló bọ́ sí i. Ní West Bend, ọwọ́ kan kọ́ ló ṣe é: Matt Szerensce, ọmọ ìjọ náà, bá Fádà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Fádà Louis Greving dé ní 1946, òun ló sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí Dobberstein kú ní 1954.

Ó kan ọ̀rọ̀ títo òkúta. Ẹ fọ eruku ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ rẹ èyí tó bá ń fa omi mu, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á fa omi inú sìmẹ́ǹtì, á sì yọ wẹ́rẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan sí yanrìn mẹ́ta tí ẹ ti jọ̀ ló dára. Ó kéré tán, kí ìdajì òkúta jókòó sínú rẹ̀, bí eyín ṣe ń jókòó sínú èrìgì. Gíláàsì ń yọ̀, nítorí náà ẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dì í mú. Ti àjà ló le jù, nítorí òkúta á máa já bọ́ lórí yín. Ẹ tò ó sílẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀: ẹ da yanrìn tútù sínú àpótí pákó tí kò ní ìdérí, ẹ dojú òkúta dé e, ẹ da sìmẹ́ǹtì lé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tẹ́ àwọ̀n wáyà sí i, kí ẹ tún da òmíràn lé e. Ẹ fi àpò kòkó tí ẹ rẹ sómi bò ó fún ọjọ́ méje kí ẹ tó gbé e gòkè.

Omi ló ń pa gúrótò. Ní Iowa, omi tó bá wọ ẹ̀yìn òkúta á di yìnyín nígbà òtútù, á fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i, á sì ti òkúta jáde. Nílé wa níhìn-ín, omi kì í di yìnyín nínú ògiri, ṣùgbọ́n òjò á mú irin inú rẹ̀ dógùn-ún, irin tó bá sì dógùn-ún á wú títí sìmẹ́ǹtì á fi là. Kí irin má ṣe sún mọ́ ojú ògiri ju ìka méjì lọ. Kí orí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, kí ẹ sì fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi rí ọ̀nà jáde.

Ní Dickeyville, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Fádà Matthias Wernerus fi àwo fífọ́, gíláàsì àti ìkarahun òkun kọ́ gúrótò mìíràn láàárín 1925 sí 1930. Ó kú ní 1931. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù jù, nítorí àwo, gíláàsì àti òkúta kì í wú bákan náà nínú oòrùn.

Ẹ má ṣe fi ásíìdì fọ ọ̀kankan nínú wọn. Sìmẹ́ǹtì nìkan kọ́ ló máa jẹ: ó ń jẹ malachite, azurite àti ìkarahun pẹ̀lú. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Bí amẹ́tístì, òkúta aláwọ̀ àlùkò, bá ti ṣá, oòrùn ló ṣe é, fífọ̀ kò lè dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Bí ẹ bá sì ń dí ibi tó là, ẹ má jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tuntun le ju ti àtijọ́ lọ, torí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò fọ́. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣó kọ ọdún tí ẹ ṣe é sára ibi tí ẹ dí náà kó tó gbẹ, ní ẹ̀yìn, níbi tí kò ti ní ba ojú ògiri jẹ́.