Ìrìn Màámi lálẹ́ àná

Iná lọ ní Kétu lálẹ́ àná. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo rí ẹnìkan tó ń bọ̀ lókèèrè, n kò rí ojú rẹ̀. Àmọ́ ìrìn yẹn! Màámi ni. Ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, èjìká ti rọ̀, ọwọ́ kan di etí ìró mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Mo ti dìde kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Màámi, ta ni?"

Ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré ló ṣaláìsí.

Ní 1973, Gunnar Johansson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ará Sweden, fi iná wínníwínní sí oríkèé ara èèyàn nínú òkùnkùn. Iná yẹn nìkan ni àwọn tó ń wò rí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ kíá pé èèyàn ló ń rìn. Mo gbà á gbọ́. Ilẹ̀ mọ́, Màámi ò tíì jọ̀wọ́ etí ìró yẹn.