Ẹ Má Sọ Ẹsẹ̀ Kalẹ̀ Nítorí Àlejò

Oṣù kẹfà ọdún 2022, lẹ́yìn òjò, ni sẹ́míjàn, ọ̀kadà akérò, tó ń gbé mi bọ̀ láti ọjà Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin yọ̀ nínú ẹrẹ̀ pupa, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú wa. Ọ̀kadà ṣubú lé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, àtẹ́lẹsẹ̀ mi kọjú síbi tí kò yẹ kó kọjú sí. Aránṣọ ni mí, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sì ń lò. Kí ìrora tó dé rárá ni mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé, "Ẹsẹ̀ tí mo fi ń jẹun rèé."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. N kò ní bú àwọn tó ń to eegun. Àwọn ló to apá ọmọ àbúrò mi, ó sì jinná. Ṣùgbọ́n oríkèé ni ọrùn ẹsẹ̀. Rádíò, ìyẹn àwòrán eegun, tí wọ́n yà fún mi fi hàn pé kókó méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ti kán, ti inú àti ti ìta, eegun àárín sì ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Dókítà tó rí i ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ṣàlàyé fún wa pé bí eegun àárín yẹn bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ojú ibi tí eegun ti ń kan ara wọn nínú oríkèé á fi nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìwúwo ara á wá máa tẹ ìwọ̀nba ojú tó kù, títí ibẹ̀ á fi jẹ. Èmi tí mo ń fi sàǹtímẹ́tà wọn aṣọ lójoojúmọ́, mo mọ bí mìlímítà 1 ṣe kéré tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà gbọ́ ọ, ó dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n là á.

Mo rò pé ọjọ́ kejì ni wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀hún. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dúró. Ẹsẹ̀ ti wú, awọ rẹ̀ le, ó ń dán bí awọ ìlù. Láràárọ̀ ni dókítà ń wá, á rọra fi ìka méjì fún awọ ibi kókó ìta, á wò ó, á ní kò tíì yá. Inú bí mi. Mo rò pé owó ni wọ́n ń retí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló sọ fún mi pé bí wọ́n bá la awọ tó wú bẹ́ẹ̀, kò ní ṣeé rán pọ̀, bí wọ́n bá sì fipá rán an, ojú rẹ̀ á tún là. Láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlá ó fún un, awọ náà sì hunjọ wẹ́wẹ́, bí etí síkẹ́ẹ̀tì tí a fa òwú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó di ọ̀la." Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, tí ẹsẹ̀ yín ṣì wú, ẹ fara balẹ̀. Gbígbé e sókè lórí ìrọ̀rí ló ń mú ọjọ́ náà yá.

Iṣẹ́ abẹ gan-an kò gùn lẹ́nu mi. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ara mi kú láti ìdí lọ sísàlẹ̀, ojú mi sì là kedere. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń lu eegun, bí ìgbà tí káfíńtà ń lu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n n kò mọ ìrora kankan. Irin pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú fíìsì (ìṣó tí a ń yí wọlé) mẹ́fà ló wà ní kókó ìta, fíìsì méjì ní ti inú. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ilé ló ti ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á.

Wọ́n ti sọ fún mi ní òpítàlì pé fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju àyà lọ ní ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí ọjọ́, kí n má sì fi í tẹlẹ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí Kétu ṣe rí. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn: "Ẹ kú ewu o, ẹ kú ìrọ́jú." Àgbà á wọlé, èmi obìnrin ilé á sì nà gbalaja sórí ibùsùn, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi á kọjú sí wọn? Ojú tì mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn àgbà lẹ́nu ọ̀nà, màá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, màá fa ìró bò ó, màá jókòó dáadáa. Ní ọjọ́ kẹfà tí mo délé, ìyá ọkọ mi wá láti Idigny, ní agbègbè Kétu. N kò lè kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ̀dùn ọkàn ni. Mo ní ó kéré jù, màá jókòó. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni mo fi sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ń ròyìn ilé fún mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìka ẹsẹ̀ mi pọ́n dòdò, ẹsẹ̀ ń lù kì-kì-kì nínú báńdéèjì. Nígbà tí wọ́n tú u, ojú ọgbẹ́ ìta ti là ní ibi tó gùn tó èékánná, omi ń ṣẹ́ jáde níbẹ̀. Òwú tó yẹ kí wọ́n yọ ní ọjọ́ kẹrìnlá, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n tó yọ ọ́. Ọjọ́ méjì-méjì ni mò ń lọ fọ ọgbẹ́, mò ń gbàdúrà kí kòkòrò àrùn má dé ibi irin, nítorí bí ó bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun ni. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń mu sìgá ní láti ṣọ́ra ju èmi lọ, nítorí ọgbẹ́ àti eegun wọn kì í tètè jinná.

Ìyá ọkọ mi ló gbà mí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn ò padà sílé mọ́. Wọ́n gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, àgbà yòówù tó bá dé, wọ́n á sọ fún un kó tó wọlé: "Ẹ má bínú sí ìyàwó wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kí yín." Kò sẹ́ni tó bínú. Àwọn kan tilẹ̀ bá mi tún ìrọ̀rí tò. Tí ẹ bá ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀, kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti bẹ àgbà kan nínú ilé kó bá yín ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí aláìsàn kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó dà bí ìwọ̀sí.

Ẹ tún wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá kí ẹ tó délé. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè lóṣòó. Káfíńtà àdúgbò wa gbẹ́ ihò sí àárín àga onígi kan fún mi, a sì ń gbé ike sábẹ́ rẹ̀. Owó kékeré ni, ó sì gbà mí lọ́wọ́ ṣíṣubú. Tí ẹ bá ń lo ọ̀pá méjì, àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi gbé ara, ẹ má fi abíyá lé e, kí ìka méjì tàbí mẹ́ta lè wọ àárín abíyá àti orí ọ̀pá. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀ sí ẹsẹ̀ tó dá, kì í ṣe sílípáàsì. Tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ni kó ṣáájú. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó padà sí òpítàlì: kí ìka ẹsẹ̀ tutù tàbí kó dúdú, kó má mọ ọwọ́ tí a fi kàn án, kí ìrora máa le sí i bí a tilẹ̀ lo oògùn, kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun wú kó sì máa dunni, kí èémí máa há lójijì. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan nígbà tí ẹsẹ̀ kò rìn. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gún mi lábẹ́rẹ́ ní ikùn lójoojúmọ́, n kò sì fo ọjọ́ kankan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tún ya rádíò, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ti gan bí igi. Kìné, ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tún lo ẹsẹ̀, ní kí n máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ á-bí-dí sínú afẹ́fẹ́, kí n fi ìborùn kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí n sì máa fà á sọ́dọ̀ ara mi. Mo sunkún nígbà mìíràn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, mo bi í bóyá mo lè tẹ máṣíìnì mi. Ó ní kí n yọ bẹ́líìtì máṣíìnì náà kó lè fúyẹ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á dúró máa wo ẹsẹ̀ mi, ẹnì kankan ò ní sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù keje ni mo tó lè kúnlẹ̀ dáadáa, ó sì tó ọdún kan kí ẹsẹ̀ tó yéé wú lálẹ́.

Àga oníhò náà kò sí nílé mi mọ́. Ilé mẹ́ta ló ti lọ. Ní báyìí ó wà ní Idigny lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó já bọ́ lórí igi ọ̀pẹ. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé ẹsẹ̀ àga náà kan ti ń mì, kí wọ́n kàn án kí bàbá náà tó jókòó lé e.