Ọjọ́ kan láàárín òdòdó Namaqualand

Àwọn òdòdó ibí kì í tètè jí. Nígbà tí a kúrò ní ìlú Kamieskroon láago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo wọn ṣì padé, ewé àti iyanrìn nìkan ni ojú ń rí. Ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀, tí oòrùn ti mú, kí wọ́n tó là. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún ti padé. Ọjọ́ tí ìkúukùu bá bo ojú ọ̀run, ẹ má wulẹ̀ yọ kámẹ́rà jáde nínú àpò. Oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán sì máa ń wà ní Gúúsù Áfíríkà níbí, nítorí náà ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí àríwá ni wọ́n máa wò lójú kòrókòró.

Skilpad la kọ́kọ́ yà sí, nínú Namaqua National Park. Ẹ wo àwọ̀! Bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹní aláwọ̀ ọsàn láti ẹsẹ̀ wa lọ dé ibi tí ojú lè rí i dé. Òdòdó tí wọ́n ń pè ní Dimorphotheca sinuata ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn èèyàn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, oníkálukú ń na fóònù. Mo ya tèmi náà, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n oko àlìkámà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti tú irú ilẹ̀ yìí fún oko, àwọn igi kéékèèké tó ti pẹ́ níbẹ̀ á run, èyí tó ń hù, tó ń tanná, tó sì ń kú láàárín ọdún kan ló máa gbalẹ̀ kan. Ó wù mí kí ẹni tó bá rí fọ́tò yẹn mọ̀ pé ojú àpá ló ń wò, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Nǹkan bí oríṣi ewéko 3,500 ló wà ní Namaqualand, nǹkan bí 1,000 nínú wọn kò sì sí níbòmíràn láyé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i.

Lọ́sàn-án, a lọ sí Goegap, ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ewéko àti ẹranko, nítòsí ìlú Springbok. Àyà ni mo fi lélẹ̀ síwájú òdòdó kan ṣoṣo, Gorteria diffusa. Àwọ̀ ọsàn ni òun náà, ṣùgbọ́n àwọn ewé òdòdó rẹ̀ kan ní àmì dúdú nídìí. Bí ẹ bá nàró, àmì lásán lẹ máa rí. Bí lẹ́ǹsì bá sún mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó wú sókè, ó ń dán, àwọn tóótòòtó funfun sì wà lára rẹ̀. Abo eṣinṣin ló jọ. Akọ eṣinṣin dúdú kékeré kan, Megapalpus capensis, á fò wá, á gùn ún, á fẹ́ bá a lò pọ̀, ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó á ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí á sì gbé e lọ sí ara òmíràn.

“Àbúrò, dìde ńlẹ̀, ejò wà níbí o!” Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wakọ̀ ló ń pariwo láti inú ọkọ̀.

“Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi. Eṣinṣin ni mò ń dúró dè.”

Ó dé lóòótọ́. Mo rí i yà níbi tó ti di àmì dúdú náà mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, a rí Conophytum láàárín òkúta funfun lórí òkè kan, ewéko rogodo tí kò tó orí àtàǹpàkò mi. N kò ní sọ ibi tó wà. Láti bí ọdún 2019 ni àwọn olè ti ń hú wọn lọ rẹpẹtẹ ní agbègbè yìí, tí wọ́n ń tà wọ́n sókè òkun fún àwọn tó ń gbìn wọ́n sínú ìkòkò. Ó ń dùn mí gan-an, torí ewéko yìí kì í tètè dàgbà, òmíràn kò sì sí ju orí òkè kan péré lọ. Fóònù àti kámẹ́rà ayé òde òní sì lè kọ ibi téèyàn dúró sí sínú fọ́tò, olè á kàn tẹ̀ lé e débẹ̀ ni. Nítorí náà, kí n tó fi àwòrán kankan síta lálẹ́ yìí, mo ti kọ́kọ́ pa ibi tí mo ti yà á rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin náà tí ẹ ń ya ewéko ní fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀.