Yíya fọ́tò tẹlifíṣọ̀n nínú ilé: mo ti dé ilé kẹsàn-án

Ilé mẹ́sàn-án rèé nínú méjìlá. Bí mo bá ṣe bá tẹlifíṣọ̀n ní àyè rẹ̀ ni mo ń yà á: n kì í sún àga, n kì í nu eruku.

Ilé àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá. Fíláàṣì pa gbogbo ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n rẹ́, ó wá ku iná funfun kan láàárín. N ò tan fíláàṣì mọ́. Ní ilé kejì, ti àtijọ́ ni wọ́n ní, èyí tó yọ iké lẹ́yìn (abuké ni mo ń pè é). Mo yà á ní 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá, ìlà dúdú dábùú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé kámẹ́rà ló bàjẹ́. Àṣé abuké kì í gbé àwòrán rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìlà ìlà ló ń fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kámẹ́rà tó bá yára ṣẹ́jú, apá kan ló máa rí. Mo gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo jẹ́ kó ṣẹ́jú pẹ́ díẹ̀, 1/15 ìṣẹ́jú-àáyá, ìlà náà pòórá. Àmọ́ ọmọ tó ń wòran ò dúró jẹ́ẹ́, orí rẹ̀ di èéfín. Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ràn jù títí di ìsinsìnyí.

Lee Friedlander, ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ti ya irú èyí rí ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀; ìwé ìròyìn Harper's Bazaar gbé e jáde ní 1963, Walker Evans, ayafọ́tò bíi tirẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo fẹ́ fara wé e, kò bọ́ sí i. Ilé onílé kì í ṣófo bẹ́ẹ̀. Orí abuké ni fọ́tò ìgbéyàwó àti aago máa ń wà. Tẹlifíṣọ̀n tuntun tó fẹlẹ́ ò lórí tí a lè gbẹ́rù lé, gbogbo rẹ̀ ti ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ilé keje, abuké tó ti kú ló di tábìlì fún tuntun.

Ilé kẹsàn-án ni mo ti kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, tí mo ya ohun tóun fúnra rẹ̀ ń wò. Àga mẹ́rin kọjú sí mi, ìkarùn-ún kọjú sí fèrèsé. Ìyá àgbà ló ni ín. Wọ́n ní àwọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Mo wolẹ̀: ẹsẹ̀ àga náà ti ha ilẹ̀, láti ìdí fèrèsé wá síwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ya ilẹ̀ yìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Yà á, ṣùgbọ́n má sọ fún wọn."

Mo ní láti padà sí ilé mẹ́jọ ìṣáájú.