Ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ẹ tètè lọ fi han dókítà

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, bí nǹkan oṣù yín bá ti dáwọ́ dúró fún ọdún kan gbáko, tí ẹ wá rí ẹ̀jẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀kán kan péré, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má dúró dìgbà tó bá pọ̀.

Tèmi kò ju àbàwọ́n lára yẹ̀rì lọ, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnì kan tí a jọ ń tajà l'Ọ́jà Ọba l'Ádó ní kí n máa dúpẹ́, pé ara mi ti tún di tọmọge. Òmíràn ní àgbo ló máa fọ̀ ọ́ mọ́. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan oṣù.

Dókítà tó gbà mí, ọmọbìnrin tó lè jẹ́ àkọ́bí mi, fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní, "Màmá, awọ kan wà tó tẹ́ inú ilé ọmọ yín. Oestrogen, họ́mónù kan nínú ara obìnrin, ló ń mú kó nípọn." Nígbà tí a ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, awọ yìí á ti fẹ́lẹ́, bóyá mìlímítà 2 tàbí 3. Oestrogen á wá mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa pọ̀ sí i, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa gùn, títí awọ náà á fi tó bíi mìlímítà 8 sí 12 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹyin bá bọ́, progesterone, họ́mónù kejì, á dé. Òun ni kì í jẹ́ kí oestrogen kọjá ààyè, òun ló sì ń tún awọ náà ṣe fún oyún. Bí oyún kò bá dúró, progesterone á lọ sílẹ̀, awọ á wó, òun la ń rí lóṣooṣù.

Èyí tí n kò gbọ́ rí ni pé ẹyin lè tán kí oestrogen má tán. Ọ̀rá ara wa ń ṣe é: ó ń gba họ́mónù mìíràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń sọ ọ́ di oestrogen. Bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni oestrogen ń pọ̀ sí i. Progesterone ní tirẹ̀ kò sí mọ́, torí ẹyin kò bọ́ mọ́. Awọ inú ilé ọmọ á wá dà bí oko tí òjò ń rọ̀ sí, tí kò sẹ́ni tó ń ro ó. Á máa nípọn, á máa ṣẹ̀jẹ̀, bó bá sì pẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ.

Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Awọ tó fẹ́lẹ́ jù náà lè ṣẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́.

Scan fi hàn pé tèmi ti kọjá mìlímítà 4, òdiwọ̀n tí wọ́n ń wò fún irú wa. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú díẹ̀ lára awọ náà láti ilé ọmọ, inú run mí gan-an, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Èsì ní hyperplasia ni, ìyẹn ni pé awọ náà ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ. Progesterone, ohun tí ara mi kò ṣe mọ́ gan-an, ni wọ́n kọ fún mi. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ mí wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, awọ náà ti fẹ́lẹ́. Dókítà kò ní kí n má jẹyán mọ́ (ta ló máa sọ ìyẹn fún ará Èkìtì?), ó ní kí n dín in kù, kí n máa rìn.

Ẹ̀yin àbúrò tí nǹkan oṣù yín ń fo oṣù mẹ́ta mẹ́rin, tó bá dé tán tó ń tú yàà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà: ó lè jẹ́ pé ẹyin kò bọ́ lásìkò. Kò dìgbà tí ẹ bá dé Ìbàdàn; ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ wà l'Ádó àti l'Ídó.

Bí ẹ bá sì ń lo tamoxifen fún jẹjẹrẹ ọmú, ẹ sọ fún dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ náà. Oògùn yẹn ń dí oestrogen lọ́wọ́ nínú ọmú, ṣùgbọ́n nínú ilé ọmọ, ó lè ṣiṣẹ́ oestrogen. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.